Bí Ilé àti Ìgbèríko Ṣe Wọ Orí Tábìlì Rélùwéè Kékeré

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Märklin ti ilẹ̀ Jámánì kó ọkọ̀ ojú irin ìṣeré lọ sí ọjà ńlá ìlú Leipzig ní ọdún 1891, pẹ̀lú ojú irin tí olówó lè máa rà kún díẹ̀díẹ̀, ohun tí oníbàárà ń fẹ́ ni kí ọkọ̀ ṣáà máa yí po. Irú ìlú tí ọkọ̀ náà ń gbà kọjá kò jẹ́ nǹkan kan lójú ẹnikẹ́ni. Bí ibùdókọ̀ bá tilẹ̀ wà, páànù tí wọ́n kùn lọ́dà ni. Ní ọdún 1910, àwọn àgbàlagbà tí eré yìí ti wọ̀ lẹ́wù dá The Model Railway Club sílẹ̀ ní London, ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí àgbà gbogbo irú rẹ̀ lágbàáyé. Síbẹ̀, ẹ̀rọ àti ojú irin ló kọ́kọ́ jẹ wọ́n lógún.

Ẹni tó yí eré náà padà ni John Ahern, ará London. Ní àwọn ọdún 1930 ló bẹ̀rẹ̀ Madder Valley, rélùwéè kékeré kan tí irú rẹ̀ gidi kò sí níbì kankan láyé, ṣùgbọ́n tí ó ní ìlú, òkè àti èbúté tirẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé inú rẹ̀ sì jẹ́ àwòkọ ilé gidi tí ó ṣà jọ láti ibi púpọ̀. Ilẹ̀ ló fi ṣáájú, ó wá jẹ́ kí ọkọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá.

Roye England, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà tó wá ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé iṣẹ́ náà dé ibi tí kò ti jẹ́ eré mọ́. Ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Vale of White Horse, ó rí i pé àwọn onílé ń ṣí koríko kúrò lórí ilé àtijọ́, wọ́n ń fi asbestos rọ́pò rẹ̀. Ó káàánú. Ó pinnu pé òun yóò ṣe ẹ̀dà àwọn ilé náà ní kékeré kí wọ́n tó tán nílẹ̀, ó sì ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn, tí ó ń wọn ògiri, tí ó ń ya fọ́tò. Ní ọdún 1954, òun àti àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fìdí Pendon Museum múlẹ̀ ní abúlé Long Wittenham. Guy Williams, ọ̀kan nínú wọn, ń kan ẹ̀rọ ọkọ̀, àwọn yòókù ń kọ́ ilé. Ibẹ̀ náà ni Madder Valley wà báyìí. Lójú tèmi, láti ìgbà náà ni ilé orí tábìlì ti di ẹ̀rí ohun tó ti wà rí.

Ìwọ̀n tí Pendon ń lò ni mìlímítà 4 fún ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí náà ilẹ̀kùn tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 kò ju mìlímítà 24 lọ. Páálí ni wọ́n fi ń ṣe ògiri. Wọ́n á kùn bíríkì rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí bíríkì tó ti inú iná kan náà jáde kì í pọ́n bákan náà. Òwú hemp tí àwọn tó ń ṣe páìpù omi fi ń wé ìdí páìpù ni wọ́n fi ń bo òrùlé, wọ́n á gé e kéékèèké, wọ́n á sì tò ó láti etí òrùlé lọ sókè, bí àwọn baba wa ṣe ń to bẹẹrẹ gan-an. Ilé mìíràn lè gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹgbẹ́ London tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà kò kẹ́yìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń kọ́ Copenhagen Fields, àdúgbò kan ní àríwá King's Cross, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá kan ní London, bó ṣe rí láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, ní mìlímítà 2 fún ẹsẹ̀ bàtà kan, pẹ̀lú ilé gogoro alágogo ti ọjà Caledonian láàárín rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé náà ni wọ́n ti wó, nítorí náà máàpù àtijọ́ àti fọ́tò ni wọ́n ń bi léèrè. Ilé tó wà lẹ́yìn kéré sí ti iwájú, kí ojú lè rò pé ọ̀nà jìn.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gba ọwọ́ púpọ̀. Ẹnì kan á kọ́ ilé nínú yàrá rẹ̀, ẹlòmíràn á fi wáyà, ìwé ìròyìn àti POP mọ òkè, ẹni kẹta á da lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n pa láró àwọ̀ ewé sórí gọ́ọ̀mù kí ó di koríko. Ìgbà tí wọ́n bá gbé gbogbo rẹ̀ pàdé ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lábẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan, bó ti wù kí ògiri rẹ̀ dára tó, páálí lásán ló dà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ri ẹsẹ̀ ilé mọ́lẹ̀ ná, kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀ yí i ká.