Aago Tí Wọ́n Fa Ẹ̀jẹ̀ Ọkùnrin Ṣe Pàtàkì

Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ le ní aago 8 àárọ̀ ní Adó-Èkìtì, tí wọ́n sì tún fà á ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, iye testosterone, họ́mọ́ònù tí ó jẹ mọ́ jíjẹ́ ọkùnrin, tí wọn yóò rí kò ní dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìsàn ló fà á. Láàárín àwọn tí ó wà ní ọdún 30 sí 40, ti ìrọ̀lẹ́ máa ń fi nǹkan bí ìdá 20 sí 25 nínú 100 dín sí ti àárọ̀. Ní ti ẹni 70 ọdún, ìyàtọ̀ náà kò ju nǹkan bí ìdá 10 lọ.

Ọ̀dọ̀ ọpọlọ ni àṣẹ ti ń wá. Apá tí à ń pè ní hypothalamus máa ń tú họ́mọ́ònù GnRH jáde ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, èyí tí ó ń ta kókó pituitary jí láti rán họ́mọ́ònù méjì, LH àti FSH, sínú ẹ̀jẹ̀. LH a máa wá bí ìgbì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì ní nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀ sí méjì, bí ó bá sì ti dé inú kórópọ̀n, àwọn sẹ́ẹ̀lì Leydig níbẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe testosterone. Nígbà tí èyí bá pọ̀ tó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú kí ọpọlọ dẹwọ́ àṣẹ. FSH, tí ó ń bójú tó ìpèsè àtọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti àárọ̀ dé alẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fọkàn sí ni pé oorun ló ń gbé testosterone sókè ju mímọ́ ilẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí ọkùnrin bá ti sùn ni ó ti ń gòkè, títí tí yóò fi dé téńté nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó jí tàbí kété tí ó bá jí. Nítorí náà, ọlọ́dẹ tí ó ṣọ́ ọjà Ìkẹ́rẹ́ mọ́jú, tí ó wá sùn lọ́sàn-án, oorun ọ̀sán náà ni testosterone tirẹ̀ máa bá gòkè, ó sì yẹ kí ó sọ àkókò tí ó sùn fún dókítà. Nínú ìwádìí kan tí Yunifásítì Chicago gbé jáde ní ọdún 2011, àwọn ọ̀dọ́kùnrin 10 tí wọ́n sun wákàtí 5 péré lóru fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni testosterone wọn fi ìdá 10 sí 15 nínú 100 wálẹ̀ lójú mọmọ.

Oúnjẹ pẹ̀lú ń kó ipa. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, testosterone a wálẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan, ẹni tí ó bá sì ti jẹ iyán kí ó tó kúrò nílé ti yí èsì àyẹ̀wò rẹ̀ padà láìmọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ọkùnrin wá kí aago 10 àárọ̀ tó lù, láìtíì jẹun, kí wọ́n sì tún àyẹ̀wò náà ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ mìíràn bí ti àkọ́kọ́ bá lọ sílẹ̀. Ó burú púpọ̀ kí a fi èsì ọ̀sán kan ṣoṣo sọ fún ènìyàn pé okun rẹ̀ ti tán, tàbí kí ó tìtorí rẹ̀ máa ra àgbo kiri. Bí àárọ̀ méjèèjì bá fi hàn pé ó lọ sílẹ̀ ní tòótọ́, LH ni wọn yóò wò: bí LH bá ga, kórópọ̀n ni kò dáhùn, bí òun náà bá lọ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ọpọlọ ni wọn yóò ti wá ìdí rẹ̀.