Kókó Ara Gbòǹgbò Òtìlì Kì í Ṣe Àrùn

Ẹ rọra hú òtìlì kan lóko kí gbòǹgbò rẹ̀ má já. Ẹ ó rí kókó róbótó-róbótó lára rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ní Àkúrẹ́ sábà máa ń bi mí bóyá àrùn ni. Rárá o, ilé bakitéríà ni, àwọn ohun alààyè tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan: bí inú rẹ̀ bá pupa rúsúrúsú bí ẹran tútù, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀. Aràn inú ilẹ̀ náà máa ń mú gbòǹgbò wú, àmọ́ gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló ń wú nígbà náà. Kókó bakitéríà ní tirẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ni, ìka lè yọ ọ́ kúrò.

Náítrójìn, oúnjẹ tí igi fi ń dàgbà, kó nǹkan bí 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí, síbẹ̀ igi kò lè jẹ ẹ́ ní tútù. Bakitéríà ló ń sè é fún un, igi á sì fi ṣúgà san án.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àkókó ló ń jẹ mí lọ́kàn, níbi tí òjò ti kéré sí tiwa, tí iná ìgbẹ́ sì ń jó. Ilẹ̀ tó ti ṣá, tí àgbàrá ti wọ́ ojú rẹ̀ lọ, bakitéríà rẹ̀ ti dínkù. Òtìlì tàbí agunmániyè tí a kàn gbìn síbẹ̀ lásán, ẹ̀rùn àkọ́kọ́ lè pa á.

Nọ́sìrì, ibi tí a ti ń tọ́ ọ̀gbìn kí ó tó lọ sóko, ni kí ẹ ti mú igi àti bakitéríà pàdé. Ẹ bu erùpẹ̀ abẹ́ òtìlì àgbà tí ara rẹ̀ le, ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ bakitéríà tí ẹ rà, ẹ fi omi ṣúgà díẹ̀ pò ó mọ́ irúgbìn, ẹ tẹ́ ẹ síbòòji, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi oògùn apakòkòrò kàn án. Ajílẹ̀ yùríà púpọ̀ náà kì í jẹ́ kí kókó yọ. Mo ti gbé ọ̀rá bakitéríà kan sínú búùtù ọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́ rí, lọ́sàn-án gangan. Ooru pa wọ́n. Ó dùn mí gan-an, nítorí àgbẹ̀ tó yọ̀ǹda ilẹ̀ fún wa ti fọkàn tán wa.

Igi tí gbòǹgbò rẹ̀ kì í yọ kókó náà lè jàǹfààní bakitéríà. Ní La Paz, ní Mẹ́síkò, àwọn olùwádìí fi bakitéríà Azospirillum, tó ń mú gbòǹgbò gùn kó sì yọ ẹ̀ka, sí ọ̀gbìn cardon, igi ẹlẹ́gùn-ún aṣálẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, èyí tí wọ́n fi sí yè ju èyí tí wọn kò fi sí lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ hú òtìlì méjì ní nọ́sìrì. Bí inú kókó wọn kò bá pupa, ẹ má tíì kó ìyókù lọ sóko.