Omi nìkan kọ́ ló ń di ìkùukùu lójú òkun

Bí wọ́n ṣe yà á sí pátákó fún wa ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyí: oòrùn ń pa òkun, omi di oru, oru gòkè, ó tutù, ó di ìkùukùu, òjò rọ̀. Ó parí. Ẹ bi àgbàlagbà tó kàwé dáadáa lónìí, ohun tí yóò sọ náà nìyẹn. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fo nǹkan kan nínú rẹ̀. (Ẹ má bínú sí olùkọ́ wa, pátákó kò gba gbogbo rẹ̀.)

Ẹ gbé ìgò omi tútù jáde nínú fìríìjì, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa làágùn. Omi yẹn kò jò láti inú ìgò. Inú afẹ́fẹ́ yàrá ló ti wá, ara ìgò ló rí bà lé. Lójú sánmà ńkọ́, ìgò dà? Hóró wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí ni oru omi ń bà lé níbẹ̀. Iyọ̀ tó máa ń mọ́ wa létè tí a bá dúró létí òkun wà lára wọn. Ìgbì ló ń ta á sókè. Èéfín wà níbẹ̀, eruku aṣálẹ̀ náà. Kódà àwọn ewé kéékèèké tó ń léfòó nínú òkun ń tú gáàsì onímí-ọjọ́ kan jáde tó ń di hóró nínú afẹ́fẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kéré débi pé bí ẹ bá to 10,000 tẹ̀lé ara wọn, gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà 1 lọ.

Ní nǹkan bí 1880, John Aitken ará Scotland fi òwú sẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ìgò ńlá kan, ó sì fẹ́ oru omi sí i. Kùrukùru kankan kò ṣú. Èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò gba inú òwú kọjá funfun báláú. Coulier ará Faransé ti rí irú rẹ̀ ní 1875. Láìsí hóró, oru omi ní láti tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin iye tí afẹ́fẹ́ lè gbà kí ó tó fúnra rẹ̀ di ẹ̀kán, sánmà kì í sì í débẹ̀.

Àwọn kan á wá ní, "Ó dáa, kí eruku pọ̀, kí òjò lè pọ̀." Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe kejì wà. Ìkòkò ọbẹ̀ kan ni omi inú ìkùukùu; hóró ni àlejò. Bí àlejò bá pọ̀ jù, ẹran á di jáńjálá lọ́wọ́ oníkálukú. Ẹ̀kán ìkùukùu tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan ló ń para pọ̀ di ẹ̀kán òjò kan, àwọn tó kéré jù kì í sì í tètè lu ara wọn. Wọ́n á kàn máa léfòó, ìkùukùu á funfun sí i, yóò sì máa dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà. Lásìkò ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku láti Bodélé ní Chad ń gba orí wa kọjá lọ sójú òkun, òjò kò sì rọ̀: àlejò kún ilé, ìkòkò ló gbófo, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló gbé e wá.

Ojú òkun la ti rí i kedere jù. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwòrán sátẹ́láìtì ti ń fi ìlà funfun gbọọrọ hàn nínú ìkùukùu, bí ẹni fi ẹfun fà á. Ipa èéfín ọkọ̀ ojú omi ni. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2020, òfin àgbáyé dín imí-ọjọ́ inú epo ọkọ̀ kù láti ìdá 3.5 sí 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Inú èmi dùn sí i nítorí ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń gbé nítòsí èbúté. Àwọn ìlà ẹfun yẹn sì dín kù gidigidi lójú àwòrán, oòrùn tí wọ́n ń dá padà tẹ́lẹ̀ wá ń wọ inú òkun. Bí ooru náà ṣe pọ̀ tó ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé lórí.