Iye Òpin: Bí A Ṣe Ń Dá Owó Lórí eBay

Tí a bá ń nájà ní Bódìjà, ohun tí àwọn ìyá wa kọ́ wa ni pé ọlọ́jà ò gbọdọ̀ mọ iye tó wà lápò wa. Ó pè é ní ₦10,000, a ní ₦4,000 la máa san. Ó ń já a wálẹ̀, àwa náà ń fi kún un. Ní gbàǹjo, òdìkejì ni. Ọlọ́jà á dákẹ́, àwọn tó fẹ́ ra ọjà ni yóò máa lé owó sókè mọ́ ara wọn lọ́wọ́; ìyẹn ni mo ń pè ní dídá owó. Ìdí nìyẹn tí ọgbọ́n Bódìjà fi ń kó bá àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà tí wọ́n bá dé orí eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ṣe gbàǹjo.

Ohun tí wọ́n ń pè ní “maximum bid” níbẹ̀, iye òpin ni èmi ń pè é: owó tó pọ̀ jù tí ẹ lè san lórí ọjà náà láìkábàámọ̀. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ọlọ́jà ò ní rí i, àwọn tí ẹ jọ ń dá owó náà ò ní rí i. Kọ̀ǹpútà ni yóò máa bá yín ná an, bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí kì í náwó ju bó ti yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀rọ ìránṣọ Singer kan wà ní $30. Ẹnì kan ti fi $52 ṣe iye òpin tirẹ̀. Ẹ̀yin wá tẹ $70. Kọ̀ǹpútà ò ní ná $70 yín tán. Á fi $1 lé ti ẹni yẹn, ọjà á dúró sí $53 lórúkọ yín. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tún dá owó, $53 lẹ ó san. Láàárín $25 sí $99.99, $1 ni wọ́n fi ń lé e. Bí owó bá ṣe ń ga ni àlékún náà ń pọ̀. Bí ẹni méjì bá tẹ iye kan náà, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló ni ín, nítorí náà $70.37 ni èmi máa ń tẹ̀, kì í ṣe $70.

Mi ò mọ èyí nígbà tí mo fẹ́ ra ẹ̀rọ fún àbúrò mi tó ń ránṣọ ní Òṣogbo. Mo fi owó pamọ́ bí ará Bódìjà, mo tẹ $40. Wọ́n ní ẹlòmíì ti borí mi, mo fi $5 kún un. Wọ́n tún ní ó ti borí mi. Inú bí mi, mo ń fi kún un ṣáá, títí mo fi rà á ní $96, ẹ̀rọ tí mo ti sọ nínú ara mi pé mi ò ní san ju $60 lórí ẹ̀. Nígbà tó dé, mo yí i wò lẹ́yìn: wọ́n kọ 110-120 volt sára mọ́tò rẹ̀. Iná Nàìjíríà, 230 ni. Ọlọ́jà ti ya àwòrán ibẹ̀ sórí eBay; èmi ni mi ò wò ó.

Láti ìgbà náà, ọjà tí wọ́n ti tà tán ni mo kọ́kọ́ ń wò, lábẹ́ “Sold items”, torí ibẹ̀ lowó gidi wà. Mo á yọ owó ìfiránṣẹ́ kúrò, pàápàá lórí irin wúwo bíi Singer, kí n tó mọ iye òpin mi. Mo á sì dúró di ìgbà tí gbàǹjo bá fẹ́ parí kí n tó tẹ̀ ẹ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́pọ̀ ìgbà, aago eBay kì í sún síwájú nítorí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí inú bá fẹ́ bí, àyè á ti tán fún un.

Ẹ ka àlàyé ọjà dáadáa. Bí ẹ bá rí “for parts or not working”, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ má retí pé yóò ṣiṣẹ́. Bí ọlọ́jà kan bá ní kí ẹ jáde kúrò lórí eBay, kí ẹ fi gift card sanwó fún òun, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ààbò tí eBay ní fún owó olùrà ò dé ibi tó ń pè yín sí.