Kì í ṣe rìpótà ló kọ àkọlé yẹn o

Ẹ dúró díẹ̀ nídìí tábìlì fẹ́ńdọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba láàárọ̀, níbi táwọn tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń pé lé lórí, ẹ máa gbọ́ ọ. Ẹnì kan á ka àkọlé gàdàgbà tó wà níwájú, á wo orúkọ tó wà lábẹ́ ẹ̀, á ní "wọ́n ti fún rìpótà yìí lówó, ẹ wo n tó kọ!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mass comm gan-an, púpọ̀ nínú wọn ló gbà pé rìpótà ló ń kọ àkọlé, títí dọjọ́ tí wọ́n á lọ ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìròyìn.

Irọ́ ni o. Orúkọ tẹ́ ẹ rí yẹn, báílàìn là ń pè é, ẹni tó lọ wá ìròyìn náà tó sì kọ ọ́ ló ni ín. Àkọlé, iṣẹ́ sọ́bù-édítọ̀ ni, ìyẹn ẹni tó ń tún ìròyìn ṣe tó ń gé e kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, "sọ́bù" la kàn ń pè é ní níúsìrúùmù, òun sì rèé, orúkọ tiẹ̀ kì í jáde nídìí ìròyìn, èébú ò kàn án.

Ààyè ló fà á. Rìpótà tó wà ní kọ́ọ̀tù Ìkẹjà tàbí Alausa, tó ń tẹ ìròyìn ẹ̀ lórí fóònù, kò mọ péèjì tí wọ́n máa gbé e sí, kò mọ̀ bóyá ìpolówó ọjà ti jẹ ìdajì péèjì náà. Ká ní ohun tó fi ránṣẹ́ ni "Àwọn awakọ̀ dánfó fi kún owó ọkọ̀ láti Oṣòdì sí Ọbáléńdé". Ó dáa, ó wọlé tí ààyè bá fẹ̀. Tó bá wá jẹ́ kọ́lọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló kù ńkọ́? Sọ́bù á gé e, á tún un gé, á wá di "Owó ọkọ̀ ti lé sí i". Oṣòdì ti bọ́, Ọbáléńdé ti bọ́, ẹni tó ń kà á nídìí fẹ́ńdọ̀ á wá rò pé gbogbo Èkó pátá ni, bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni rìpótà fúnra ẹ̀ máa rí i, bíi tiyín náà. Láyé tí ìwé ìròyìn Daily Times ṣì wà ní Kakawa l'Ékòó tí wọ́n ń to lẹ́tà onírin, ó le jù báyìí lọ, irin kì í fà.

Ti fúrọ́ńtì péèjì tún yàtọ̀, olóòtú fúnra ẹ̀ máa ń dá sí i, títí kan kicker, ìlà kékeré tó wà lókè àkọlé, àti rider, ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè pààrọ̀ àkọlé lẹ́yìn tí ìròyìn ti jáde. Ibi tí rìpótà ti lè kọ àkọlé fúnra ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ kékeré, níbi tẹ́nì kan ṣoṣo ti ń ṣe gbogbo ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ n tí rìpótà sọ, ẹ ka intro, ìyẹn ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, níbẹ̀ ló ti sọ ẹni tó ṣe é, n tó ṣe, ibi tó ti ṣe é. Sọ́bù lè fọwọ́ kàn án o, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ dín ìròyìn kù, ìsàlẹ̀ ló ti sábà máa ń gé e.

Tó bá jẹ́ àkọlé ló ń bí yín nínú, olóòtú lẹ máa kọ̀wé sí, kẹ́ ẹ kọ déètì àti nọ́ńbà péèjì sí i, kẹ́ ẹ sọ ibi tí àkọlé àti ìròyìn ò ti bára mu.