Kọ̀ǹpútà ilé tó ń falẹ̀ àti antivirus: ìbéèrè yín, ìdáhùn mi

Ẹ̀yin ará ilé, òkun o. Ní Kàbà, ní Ìsánlú, ní Ìyàrá, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló sábà máa ń sin odidi ilé. Olùkọ́ ń fi kọ ètò ẹ̀kọ́, ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB ń fi dánra wò, akọ̀wé ìjọ ń fi tẹ ètò ìsìn ọjọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́, wọ́n á sì wá owó antivirus. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó ọ̀hún ì bá ti ra ohun tó máa tún kọ̀ǹpútà náà ṣe gan-an. Mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù jọ síbí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, laptop mi ń pẹ́ gan-an kó tó tàn tán. Ṣé kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ló wà nínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í sábà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kó o tó ná kọ́bọ̀, fi ojú ara rẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Tàn án, fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 5 láìṣí ohunkóhun lórí rẹ̀, kó o wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager ló máa yọ. Bó bá yọ ní kékeré, tẹ "More details" nísàlẹ̀. Wàá rí CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), Memory (ibi tó ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ sí, òun náà là ń pè ní RAM) àti Disk (dísíìkì tí fáìlì ń gbé), ìdá ọgọ́rùn-ún sì máa wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí Disk bá dúró sí 100% nígbà tí o kò ṣe nǹkan kan, dísíìkì ni ìṣòro. Bí Memory bá ti kọjá 90%, RAM ló kéré. Bó bá jẹ́ CPU ló ga, tẹ orí CPU yẹn kí èyí tó ń jẹ ẹ́ jù lè bọ́ sókè, kó o sì ka orúkọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ Windows fúnra rẹ̀ ló ń gba àtúnṣe wọlé, ìyẹn á parí tó bá yá. Àmọ́ bó bá jẹ́ orúkọ tí o kò mọ̀ rí, tó ń jẹ CPU tọ̀sán-tòru, fura sí i. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fi kọ̀ǹpútà olókọ̀ǹpútà wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Monero fún ẹni tó rán an.

Ìbéèrè: Tèmi, Disk ló wà ní 100%. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, torí òun ni àrùn tó ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn laptop tòkunbọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa.

Nínú hard disk àtijọ́, àwo pẹrẹsẹ kan ló ń yí bìrí. Ti inú laptop sábà máa ń yí nígbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Apá tín-ín-rín kan ló ń sá síhìn-ín sá sọ́hùn-ún lórí àwo náà láti wá ohun tí ẹ fẹ́. Bó bá jẹ́ fáìlì ńlá kan ṣoṣo, bíi fíìmù, ó lè ka nǹkan bí megabyte 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n Windows tó ń tàn kì í ka fáìlì ńlá kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló ń kà, ibi tí wọ́n wà sì jìnnà síra. Nígbà náà, eré hard disk yẹn lè já wálẹ̀ sí megabyte 1 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa rò pé kọ̀ǹpútà ti sùn, kò sùn rárá, apá yẹn ló ń sáré kiri.

SSD ni irú dísíìkì tuntun tó lè rọ́pò hard disk, kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú. Èyí tó wọ inú laptop àtijọ́ (SATA ni wọ́n ń pè é, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ínṣì 2.5) lè ka nǹkan bí megabyte 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, eré rẹ̀ lórí fáìlì kéékèèké sì fi ìlọ́po ìlọ́po ju ti hard disk lọ. Kò sí owó kan tí ẹ lè ná sórí laptop àtijọ́ tó máa hàn tó owó SSD. Ti 240 tàbí 256 GB tó fún ilé tí kì í kó fíìmù jọ.

Kí ẹ tó rà á, ẹ wo ohun tó wà nínú tiyín. Nínú Task Manager, ẹ tẹ Performance, kí ẹ wo abẹ́ Disk 0. Windows á kọ HDD (ìyẹn hard disk àtijọ́) tàbí SSD síbẹ̀. Bó bá ti jẹ́ SSD tẹ́lẹ̀, ẹ wò ó bóyá drive C ti kún dẹ́nu, torí SSD tó kún máa ń falẹ̀. Ẹ yọ ohun tí ẹ kò lò mọ́ kúrò. Bí hard disk yín bá sì ti ń dún káká káká, ẹ dá ìwé kíkà yìí dúró, kí ẹ lọ da àwọn fáìlì yín kọ síbòmíràn lónìí, torí ó lè kú nígbàkigbà.

Ẹ ṣọ́ra fún SSD àti fláàṣì tí wọ́n kọ "2TB" sí lára, tí owó rẹ̀ kò sì tó ti 256 GB gidi. Irọ́ ni nọ́mbà yẹn. Á gba fáìlì yín wọlé títí á fi kún, lẹ́yìn náà á máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, ẹ kò sì ní mọ̀ àfìgbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí i.

Ìbéèrè: Bó bá jẹ́ Memory ló kún ńkọ́?

Ìdáhùn: RAM 4 GB ni Windows 11 béèrè, ó kéré tán, àmọ́ kí ó kàn tàn ni ìyẹn. Ẹni tó bá ṣí Chrome pẹ̀lú ojú ewé púpọ̀ àti Word papọ̀ nílò 8 GB. Bí RAM bá kún, Windows á máa kó iṣẹ́ lọ sórí dísíìkì, bó bá sì jẹ́ hard disk àtijọ́ ni, ìyà di méjì. Ẹ wo Memory nínú Performance yẹn: ó máa sọ iye ihò RAM tó wà àti iye tó ti kún. RAM irú DDR3 kò wọ ihò RAM irú DDR4, nítorí náà ẹ mọ èyí tó jẹ́ tiyín kí ẹ tó lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin lọ rà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ tẹ Startup nínú Task Manager, kí ẹ pa àwọn ohun tó ń tàn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láìnídìí. Ọ̀fẹ́ ni.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ìgbà ọyẹ́ ni tèmi máa ń falẹ̀ jù, ó sì máa ń gbóná. Ṣé ọyẹ́ ló ń bá a jà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Erukú ọyẹ́ ni, òótọ́ lẹ sọ. Fáànù inú laptop ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, erukú á bá a wọlé, á sì dí ojú ibi tí ooru ń gbà jáde. CPU tó bá ti gbóná jù máa ń dín eré ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ tú u, kó fọn erukú jáde, kó sì pààrọ̀ ọ̀rá tó wà láàárín CPU àti irin tó ń gba ooru, torí ọ̀rá yẹn máa ń gbẹ. Ẹ má sì gbé e lórí bẹ́ẹ̀dì lò. Aṣọ á dí ihò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í fọkàn sí: ṣájà. Tòkunbọ̀ púpọ̀ kì í bá ṣájà tirẹ̀ dé. Àwọn laptop kan wà tó jẹ́ pé bí wọn kò bá dá ṣájà mọ̀, wọ́n á dín eré CPU kù gidigidi, bátìrì náà sì lè má gba iná. Ẹ wo iye watt tó wà lára ṣájà, kí ẹ fi wé èyí tí laptop náà fẹ́.

Ìbéèrè: Antivirus wo ló dára jù láti rà?

Ìdáhùn: Fún kọ̀ǹpútà ilé tó ní Windows 10 tàbí 11, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ra ìkankan. Láti ìgbà Windows 8, ní 2012, ni antivirus ti wà nínú Windows fúnra rẹ̀. Microsoft Defender ni wọ́n ń pè é báyìí. Ọ̀fẹ́ ni, kò lọ́jọ́ tó ń parí. Ilé àyẹ̀wò méjì tó gbajúmọ̀, AV-TEST ní ìlú Magdeburg ní Jámánì àti AV-Comparatives ní Innsbruck ní Austria, máa ń dán àwọn antivirus wò, wọ́n sì máa ń gbé èsì wọn síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti lé ní ọdún mélòó kan tí Defender ti ń dúró láàárín àwọn tó ń gba máàkì gíga níbẹ̀. Ẹ lè lọ wo èsì náà fúnra yín kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni gbọ́, títí kan èmi.

Láti mọ̀ bóyá tiyín ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ Start, kí ẹ kọ "Windows Security", kí ẹ ṣí i, kí ẹ wo "Virus & threat protection". Àmì tó tọ́ á jẹ́ aláwọ̀ ewé. Bó bá jẹ́ pupa tàbí pé ó ń tọ́ka sí antivirus mìíràn tí owó rẹ̀ ti tán, ẹ yọ ti mìíràn yẹn kúrò nínú kọ̀ǹpútà, Defender á padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìbéèrè: Mo fi antivirus méjì síbẹ̀ kó lè lágbára. Kí ló dé tó tún wá burú sí i?

Ìdáhùn: Gbogbo antivirus ló fẹ́ yẹ fáìlì wò kí fáìlì náà tó ṣí. Bí méjì bá ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo fáìlì ni wọ́n ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, èkíní tún lè máa wo iṣẹ́ èkejì bí iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Bí ọdẹ méjì tí wọn kò mọ ara wọn tí wọ́n ń ṣọ́ àdúgbò kan náà, ara wọn ni wọ́n á máa mú lóru. Ẹyọ kan tó. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, Malwarebytes ọ̀fẹ́ wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá pè é nìkan ló ń yẹ kọ̀ǹpútà wò. Ìyẹn kì í bá Defender jà.

Ọ̀fẹ́ tún yàtọ̀ sí ọ̀fẹ́. Ní 2024, àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà ní kí Avast, tó ń ṣe antivirus ọ̀fẹ́, san mílíọ̀nù dọ́là 16.5, torí ó kó ìtàn ohun tí àwọn èèyàn ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì tà á nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Jumpshot.

Ìbéèrè: Ìkìlọ̀ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà mi pé fáírọ́ọ̀sì 5 wà nínú rẹ̀, kí n pe nọ́mbà kan kíákíá.

Ìdáhùn: Olè ni. Antivirus gidi kì í fún èèyàn ní nọ́mbà tẹlifóònù. Ẹ má pè, ẹ má tẹ nǹkan kan lórí rẹ̀. Ẹ ṣí Task Manager, kí ẹ fi "End task" pa Chrome. Bó bá tún ń yọ ní igun ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ ti fọwọ́ tẹ "Allow" lórí ojú ewé kan nígbà kan láìmọ̀. Nínú Settings ti Chrome, ẹ wá Notifications, kí ẹ yọ gbogbo orúkọ tí ẹ kò mọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè: Mo gbé fláàṣì lọ tẹ̀wé ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Nígbà tí mo dé, gbogbo fáìlì mi ti di shortcut. Ṣé wọ́n ti parẹ́ ni?

Ìdáhùn: Wọn kò parẹ́. Fáírọ́ọ̀sì náà fi wọ́n pamọ́, ó wá fi shortcut tó ń jẹ́ orúkọ wọn sípò wọn. Bí o bá tẹ shortcut yẹn, ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ pè é wọlé, nítorí náà má ṣe tẹ ẹ́. Fi Defender yẹ fláàṣì náà wò kó lè pa á. Lẹ́yìn náà, ṣí Command Prompt, bó bá jẹ́ E ni lẹ́tà fláàṣì rẹ, kọ èyí síbẹ̀:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Tẹ Enter, kó o sì dúró. Àwọn fáìlì rẹ á yọ padà. Da wọn kọ sórí kọ̀ǹpútà, kó o wá fọ fláàṣì náà mọ́ pẹ̀lú Format. Láti ìsinsìnyí lọ, fi ìwé tó o fẹ́ tẹ̀ ránṣẹ́ sórí ímeèlì, kó o ṣí i níbẹ̀, kó o sì rí i pé o jáde nínú ímeèlì náà kó o tó dìde. Bó bá pọn dandan kó jẹ́ fláàṣì, fi èyí tí kò sí nǹkan mìíràn lórí rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Àtúnṣe Windows ń jẹ dátà mi. Ṣé mo lè pa á?

Ìdáhùn: Mo mọ bí dátà ṣe wọ́n. Síbẹ̀, ẹ má pa á. Ní Oṣù Kẹta 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde tó dí ihò kan nínú Windows. Ní ọjọ́ 12 Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ WannaCry gba ihò náà wọ kọ̀ǹpútà àwọn tí kò tíì gba àtúnṣe ọ̀hún, ó ti fáìlì wọn pa, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ilé ìwòsàn púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá aláìsàn padà nítorí rẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ sọ Wi-Fi yín di "metered" nínú Settings, kí Windows má baà máa gba ọ̀pọ̀ àtúnṣe wọlé fúnra rẹ̀, kí ẹ máa gba àtúnṣe wọlé lóru nígbà tí dátà òru dínwó.

Windows 10 kò sí lábẹ́ ìtọ́jú mọ́ láti ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Microsoft fún àwọn onílé láǹfààní láti forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan, tó dé Oṣù Kẹwàá 2026. Laptop tí kò bá lè gba Windows 11 (ó ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀rọ ààbò kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà, CPU Intel tó sì ṣáájú ìran kẹjọ kò sábà sí nínú èyí tó gbà) kò di pàǹtírí. Linux Mint wà tó lè rọ́pò Windows, ọ̀fẹ́ ni, ó sì fúyẹ́ jù ú lọ.

Ìbéèrè: Ẹni tó fẹ́ fi Office "cracked" (èyí tí wọ́n jí ṣí láìsanwó) sí i fún mi ní kí n kọ́kọ́ pa antivirus. Ṣé kò séwu?

Ìdáhùn: Ewu wà níbẹ̀ gan-an. Ìlẹ̀kùn lẹ fẹ́ ṣí yẹn. LibreOffice ń ṣí fáìlì Word àti Excel, kò sì gba kọ́bọ̀.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ gbé e fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe báyìí. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Kọ́kọ́ da fáìlì rẹ kọ síbòmíràn, kó o sì jáde nínú ímeèlì àti ápùù báńkì. Má sọ fún un pé "fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀". Ohun tó o rí nínú Task Manager ni kó o sọ, pé Disk ló ń dé 100%, tàbí pé Memory ló kún. Bó bá fẹ́ "fọ" Windows, bi í bóyá gbogbo fáìlì rẹ ló máa lọ. Bó bá jẹ́ SSD ló fẹ́ fi síbẹ̀, sọ fún un pé kó da Windows rẹ kọ lọ sórí rẹ̀, kó sì dá hard disk àtijọ́ padà fún ọ. Tirẹ̀ kọ́ ni. Ra hard disk tí wọ́n ń fi USB so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta, máa da àwọn ìwé rẹ kọ sórí rẹ̀ lóṣooṣù, kó o sì yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tó o bá parí, torí fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa máa ń ti ohun tó bá bá lára kọ̀ǹpútà pa pẹ̀lú.