Àrokò ni, kì í ṣe àṣìṣe

Lẹ́tà àti nọ́ńbà tí mọ́tò máa ń tọ́jú bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní "kóòdù àṣìṣe" ló kó wa sí wàhálà. Ta ló ṣi nǹkan ṣe? Ẹ́ńjìnnì kì í ṣi iṣẹ́ ṣe bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń ṣi ìṣirò ṣe. Àwọn mìíràn ní "ẹ̀sùn ẹ́ńjìnnì". Ìyẹn tilẹ̀ burú jù ú lọ, torí ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn ni wọ́n máa mú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń ṣe: skánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù náà, á dárúkọ sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń ṣọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n á yọ sẹ́ńsọ̀ sọnù. "Kóòdù" lásán kò bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ni mọ́tò.

Àrokò ni mo ń pè é, mi ò sì ní yí i padà. Láyé àtijọ́, bí ẹnìkan bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ó ń sọ pé ọkàn òun fà sí ọ, torí mẹ́fà ni ẹ̀fà. Bí tìrẹ náà bá fà sí i, mẹ́jọ lo máa fi dá a lóhùn: èrò wa jọ. Iye ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tó gbà á ló ń tú u. Ẹnìkan tí a jọ ń jiyàn ní àrokò ti pẹ́ jù fún ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń pe mọ́tò ní ọkọ̀, nígbà tó jẹ́ pé orí omi ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò rí nǹkan sọ.

Gbogbo mọ́tò kéékèèké tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú ihò oníwáyà 16 tí wọ́n ń ki skánà bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lọ́dọ̀ dírẹ́bà. Bí brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, bá rí ohun tí kò bá a lára mu, á tan iná, á sì tọ́jú àrokò: lẹ́tà kan, nọ́ńbà mẹ́rin. P ni ti ẹ́ńjìnnì àti gíà. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn lẹ́tà yòókù sílẹ̀.

P0171 ni tèmi. Ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Mọ́tò ń gbọ̀n bó bá dúró, kò sì lágbára mọ́ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Mẹkáníìkì kan l'Ádó wo skánà, ó ní, "Bàbá, ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ ti kú." Mo ra òmíràn. Ní ọjọ́ kẹta, iná tún tàn. Sẹ́ńsọ̀ yẹn ló gbé àrokò wá, òun la sì yọ sọnù!

Ọmọkùnrin rewáyà kan ní ọ̀nà Ìyìn ló bá mi tú u. Kò tíì mú sípánà rárá. Ó kọ́kọ́ wo iye epo tí brain box ń fi kún un: nígbà tí mọ́tò wà lójú kan, ó lé ní 20 nínú 100, nígbà tó tẹ tọ́tù kí ẹ́ńjìnnì lè sáré, ó já sí 4.

"Ẹ wò ó, bàbá. Tó bá jẹ́ pé pọ́ǹpù epo ló ti rẹ̀ ni, bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ì bá máa lọ sókè. Afẹ́fẹ́ ló ń jò wọlé."

Ó fọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sára àwọn rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Bó ṣe kan ọ̀kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ìró "ṣíìì" kan tó ti ń dún níbẹ̀ dákẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, mọ́tò sì fara balẹ̀. Ó tẹ rọ́bà náà kọ́rọkọ̀rọ, ibi tó ti ya sì là bí ẹnu ẹja. Owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó sẹ́ńsọ̀.

Àwọn tó máa ń yọ orí bátìrì kí iná lè kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ àrokò náà sílẹ̀ ná. Bẹ́ẹ bá ti yọ orí bátìrì, àkọsílẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó àti eré tó ń sá nígbà tí iná tàn máa ń pa rẹ́ pẹ̀lú àrokò. Bí iná bá ń ṣẹ́jú dípò kó dúró gbọin, ẹ dín eré kù, kí ẹ wá ibi dúró sí, torí epo tí kò jó ń lọ sínú ẹ̀sọ́ọ̀sì, ó sì lè ba kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ níbẹ̀, jẹ́. Tó bá jẹ́ P0301, sílíńdà kìíní ni kò jó dáadáa. Ẹ gbé kọ́ìlì rẹ̀, èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, sí ti kejì, kí ẹ pa àrokò rẹ́, kí ẹ wa mọ́tò. Bó bá padà wá gẹ́gẹ́ bí P0302, kọ́ìlì yẹn ni.